Àlájì àti Kámẹ́rà Tí Kò Ní Dígí Nínú

Ohùn kámẹ́rà ló bí ọ̀rọ̀ yìí. A wà níbi wálímọ̀ kan ní Òkèlélé, nílùú Ìlọrin níbí. Àwọn ọmọ tó parí Kùránì jókòó sórí ẹní, wàláà wọn lórí itan, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́ torí pé èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń kéwú, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án. Àlájì kúnlẹ̀ sápá ọ̀tún, wọ́n gbé kámẹ́rà Nikon D7000 wọn sójú. Kàtá! Ọmọ náà dákẹ́, ó wò yíká. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kàtá! Àáfà tó ń darí ètò kò sọ nǹkan kan o, ó kàn wò wá bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ya wọ mọ́sáláṣí. Àlájì gbé kámẹ́rà sórí itan, wọn kò sì gbé e mọ́ títí a fi jẹun tán.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún mi nígbà tí à ń bọ̀ wálé. "Àbúrò, nǹkan yìí ti ń dójú tì mí. Ó wúwo, ó ń pariwo, mi ò sì rí ohun tí mo bá yà mọ́. Ọgbọ́n wo la lè dá sí i?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá fi ìmọ̀ mi hàn án. Mo ní, "Àlájì, ẹ jẹ́ ká kúkú bọ́ sórí mirrorless, kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ní kí èèyàn pààrọ̀ bàtà. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu lásán sọ yẹn gbà lọ́wọ́ wa. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti ṣi àgbà lọ́nà, torí pé lọ́dún yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló ti bi mí ní ìbéèrè Àlájì.

Àlájì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kámẹ́rà ló sì rọ́pò ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń yà kò ju mẹ́rin lọ: àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada ní Òkèlélé, ẹṣin ọjọ́ Dùrbárì, omi Òwú tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ọ̀wá-Kájọlà, àti àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló dán kámẹ́rà tuntun náà wò fún wa, kò sì sí èyí tó dán an wò bí èkejì.

Ọdún 2010 ni D7000 jáde, 2012 ni Àlájì ra tiwọn. Mo da àpò wọn sórí ẹní, mo sì ro ìwọ̀n ohun tó wà níbẹ̀ bí àwọn tó ṣe é ṣe kọ ọ́. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì àti mẹ́mọ́rì nínú, gíráàmù 780. Lẹ́ǹsì 18-105mm tó bá a wá, 420 (nọ́ńbà tó ní mm ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó: kékeré ń gba ibi tó fẹ̀, ńlá ń fa ọ̀nà jíjìn). Lẹ́ǹsì gígùn 70-300mm, 745. Kékeré 50mm f/1.8D, 155. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2,100, ìyẹn kílò méjì ó lé, kí a tó ka ṣájà àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Géńdé á fi ẹrù yẹn ṣeré. Àmọ́ èjìká ọ̀tún ti ń dun Àlájì láti ìgbà tí wọ́n ti ń ru ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kiri oko.

Ti èjìká ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Irọ́ ni. Ojú ni. Ẹ wo ohun tí Àlájì ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò: wọ́n á bọ́ awò ojú kí wọ́n tó wo inú ihò kámẹ́rà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á wá awò lápò, wọ́n á fi sójú, wọ́n á da ọwọ́ bo ẹ̀yìn kámẹ́rà kí oòrùn má bàa pa ojú rẹ̀ dé, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún bọ́ awò. Gbogbo èyí fún fọ́tò ẹyọ kan! Lọ́sàn-án gangan ní Ìlọrin, ojú kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí wàláà tí kò ní kíkọ lára. Wọ́n ti ń ya fọ́tò láìwò ó rárá, wọ́n á wá rí àléébù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá délé.

Nínú kámẹ́rà onídígí, tí àwọn aláfọ́tò ń pè ní DSLR, ìmọ́lẹ̀ á gba inú lẹ́ǹsì wọlé, á bá dígí kan pàdé tí wọ́n gbé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45, dígí yẹn á jù ú sókè síbi tí ẹ gbé ojú sí. Òde gan-an lẹ ń rí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á fò sókè, ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, á ṣí, sẹ́ńsọ̀ á gba àwòrán, dígí á já padà sílẹ̀. Kàtá tí ọmọ yẹn gbọ́ nìyẹn. Nínú mirrorless, wọ́n ti yọ dígí náà kúrò. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá sẹ́ńsọ̀ tààrà, sẹ́ńsọ̀ sì ń gbé ohun tó rí lọ sórí tẹlifíṣọ̀n bíńtín kan tó wà nínú ihò ìwòran. Fọ́tò tí ẹ fẹ́ yà lẹ ń wò níbẹ̀. Bí yóò bá ṣókùnkùn jù, ẹ ó ti rí òkùnkùn náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì yà á tán, inú ihò kan náà lẹ ti lè wò ó. Wọ́n ṣe àyíká ihò yẹn lọ́nà tí ẹ fi lè yí i bá agbára ojú yín mu, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò lè débẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe sọ pé ojú ni.

Ohun kan tún kù nípa dígí. Ó ń gba àyè láti fò, nítorí náà lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jìnnà sí sẹ́ńsọ̀. Lára Nikon onídígí, mìlímítà 46.5 ló wà láàárín ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ń há sí àti sẹ́ńsọ̀. Lára àwọn Z tí kò ní dígí, 16 péré ni. Mìlímítà 30.5 tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi òrùka kan dí, FTZ lorúkọ rẹ̀, kí lẹ́ǹsì àtijọ́ lè jókòó sórí kámẹ́rà tuntun. Òrùka yìí ni yóò kó ìtìjú bá mi láìpẹ́.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á sí rere: n kò jẹ́ ká lọ sọ́jà kí a tó wo fọ́tò. Ara fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni kámẹ́rà ń kọ lẹ́ǹsì tí wọ́n fi yà á sí, àti bí wọ́n ṣe fà á gùn tó. A jókòó ti kọ̀ǹpútà Àlájì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì, a ń ṣí fọ́tò ọdún méjì títí iná fi lọ. Lẹ́ǹsì 70-300 tó wúwo bí ọmọ odó, ọjọ́ Dùrbárì nìkan ló ń jáde. Bí wọ́n bá lo 18-105, apá ibi tó fẹ̀ jù ni wọ́n sábà ń lò, láti 18 dé 35. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ojú sókè wo ara ògiri pálọ̀, níbi tí àwọn fọ́tò tí Àlájì fẹ́ràn tó láti fi sí férémù wà, mẹ́fà nínú mẹ́jọ ló jẹ́ ti 50mm: ọwọ́ ìyá àgbà kan lórí ọrùn ìkòkò, ojú ẹlòmíràn láàárín èéfín. Mo kọ "50mm" sínú ìwé mi, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, n kò kọ wọ́n.

Àlájì bi mí léèrè tó tọ́. "Ṣé èyí ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n má kúkú lò ó títí yóò fi kú?" Mo ní kò bàjẹ́. 150,000 ìgbà ni wọ́n dán ṣọ́tà D7000 wò fún, tiwọn kò sì tíì dé ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ká ní kì í ṣe ti ojú àti èjìká ni, ǹ bá ní kí wọ́n fi owó wọn ra epo kí wọ́n máa wakọ̀ lọ sí Òwú. Lóòótọ́, láti ọdún 2020 tí D780 àti D6 ti jáde, Nikon kò tíì gbé kámẹ́rà onídígí tuntun kan jáde mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdí tí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni yóò fi dákẹ́ iṣẹ́.

Ní ti èyí tí a ó rà, Sony wà, Canon wà, Fujifilm wà. Lẹ́ǹsì ló dá wa dúró sọ́dọ̀ Nikon. Mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀, ta ló fẹ́ dà á nù? Z30 fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ihò ìwòran rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń wò. A gbé ìyẹn tì. Z5 ní sẹ́ńsọ̀ ńlá, àmọ́ ó wọ̀n tó 675, bí ẹ bá sì gbé 18-105 sórí rẹ̀, àárín sẹ́ńsọ̀ nìkan ló máa ń lò, fọ́tò mégápíksẹ́lì 24 (ìwọ̀n bí fọ́tò ṣe kún tó nìyẹn) á di bíi 10. A gbé ìyẹn náà tì. Z50 ló kù, ó jáde ní 2019: mégápíksẹ́lì 20.9, gíráàmù 450 pẹ̀lú bátìrì àti mẹ́mọ́rì. Lẹ́ǹsì 16-50mm tirẹ̀ jẹ́ 135, 50-250mm jẹ́ 405. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 990. Kò tó ìdajì ẹrù àtijọ́. Àlájì fi bírò wọn ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Tuntun kò ṣeé débẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà sí dọ́là, owó kámẹ́rà tuntun ti di owó ilẹ̀. Tòkunbọ̀ la wá, a sì rí i lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó, Z50 pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjèèjì àti òrùka FTZ. Mo bi í lórí fóònù bóyá òrùka náà gba lẹ́ǹsì àtijọ́. Ó ní, "Ọ̀gá mi, kò sí lẹ́ǹsì Nikon tí kò gbà." Mo mi orí, mo tún sọ ọ́ fún Àlájì bí ẹni pé èmi ni mo ṣe òrùka náà. Ọmọkùnrin yẹn kò purọ́, ó gbà á lóòótọ́. Mi ò kàn bi í bóyá yóò bá a ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a gbé páálí náà dé láti gáréèjì Màrábà, Àlájì ti há 16-50 mọ́ kámẹ́rà, wọ́n ti ya Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì ìwòran láìmú ojú kúrò. Wọ́n pariwo: "Àbúrò! Mo rí i! Mo rí i láìsí awò!" Àlàájà ní kí wọ́n pa fọ́tò yẹn rẹ́, òun kò tíì wé gèlè.

Wọ́n wá mú 50mm. Wọ́n ti í mọ́ òrùka, ó há, ó wọlé bí ọmọ ilé. Wọ́n gbé e sójú, wọ́n tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì. Kò sí nǹkan. Lára D7000, ẹ ó gbọ́ ọ tí yóò kùn, yíí, lẹ́ǹsì á yí, àwòrán á mọ́ kedere. Lára èyí, ó dákẹ́ bí odi. Ojú Àlàájà nínú ihò náà rí bàìbàì bí èyí tó wà lẹ́yìn aṣọ. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó ti kú ni?"

Mo yọ lẹ́ǹsì náà, mo gbé e padà sórí D7000. Yíí! Ó yè. Mo dá a padà sórí Z50. Ó kú. Mo gbé e lọ gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin, òógùn ń bọ̀ lójú mi nínú ilé tí fáànù ti ń fẹ́, kí n tó jókòó ka ohun tó yẹ kí n ti kà ní oṣù méjì ṣáájú. Àwọn lẹ́ǹsì Nikon tí wọ́n ń pè ní AF lásán, pẹ̀lú irú 50mm f/1.8D yìí, kò ní mọ́tò nínú ara wọn. Mọ́tò wà nínú kámẹ́rà; irin kékeré kan tó dà bí ẹnu sukurudiráfà yọ jáde láti ara rẹ̀, ó wọ ìdí lẹ́ǹsì, òun ló ń yí i. D7000 ní mọ́tò yìí. Òrùka FTZ kò ní in, FTZ II tó jáde ní 2021 náà kò ní in. Kámẹ́rà ń rí lẹ́ǹsì náà o, ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó ń dín ẹnu rẹ̀ kù, ó sì ń sọ fún ẹ bí àwòrán bá ti mọ́ kedere. Yíyí nìkan ni kò lè yí i. Lẹ́ǹsì tí wọ́n bá kọ AF-S tàbí AF-P sí lára ló gbé mọ́tò tirẹ̀ wá láti ilé. Gbogbo ènìyàn ń dá D lẹ́bi, kò jẹ̀bi: S tó yẹ kó tẹ̀ lé AF ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ rántí pé torí lẹ́ǹsì la ṣe dúró sọ́dọ̀ Nikon. Ẹ sì rántí fọ́tò mẹ́fà nínú mẹ́jọ lára ògiri. Mo ṣàlàyé tán, Àlájì kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ lo ní ká lọ. Ìwọ náà ni yóò wá ọ̀nà."

Ọ̀nà tí mo rí ni kí wọ́n máa fi ọwọ́ yí i. Kámẹ́rà tí kò ní dígí ní ọgbọ́n kan fún èyí: yóò máa kun etí ohunkóhun tó bá ti mọ́ kedere lójú lẹ́ǹsì ní àwọ̀ pupa, ẹ ó rí pupa náà tó ń rìn láti etí sí imú, láti imú sí ojú, bí ẹ bá ṣe ń yí òrùka lẹ́ǹsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé ó ń fẹ́ sùúrù, pé yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àlájì gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n dojú kọ ìkòkò òdòdó tó wà lójú fèrèsé, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó mọ́ kedere. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi yí ojú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, àbúrò. Ta ló ń sọ fún mi nípa sùúrù?" N kò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá pé iṣẹ́ àtijọ́ wọn ni yóò yọ mí. Ẹlòmíràn tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ì bá ti ní kí n dá owó òun padà.

Ọjọ́ Dùrbárì dé lẹ́yìn iléyá. Ẹ mọ ìlú wa, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Àlájì fi D7000 sílé. Mo dọ́gbọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti dé iwájú ààfin, tí wọ́n gbé kámẹ́rà sójú, tí wọ́n ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2012 nìyẹn, torí wíwo inú ihò kámẹ́rà onídígí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ bátìrì. 1,050 fọ́tò ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún bátìrì D7000 kan. Ti Z50, bíi 300 ni, torí pé tẹlifíṣọ̀n inú ihò àti sẹ́ńsọ̀ kò sùn níwọ̀n ìgbà tí ojú bá ṣì wà níbẹ̀. Eré ẹṣin gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ihò náà fi ṣú. Mo sáré lọ síbi ọkọ̀.

Ká ní bátìrì kò tilẹ̀ kú, ẹṣin yẹn ì bá fojú wa rí nǹkan. Z50 mọ ojú èèyàn, ó sì ń lé e bí ẹ bá ní kó máa lé e, èyí sì dùn mọ́ni tó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni ló ń sáré nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin tó wé láwàní dé imú, tó ń bọ̀ tagbáratagbára nínú eruku, ojú wo ni yóò rí? Ojú àwọn òǹwòran tó wà lẹ́yìn ló rí. Àwọn fọ́tò tí wọ́n ti fi dánra wò láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń fi ẹṣin wọn najú jẹ́rìí sí i: bàbá kan tó ń jẹ ẹ̀pà mọ́ kedere bí ọjọ́, ẹṣin iwájú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ yẹn, D7000 àti 70-300 ló ṣe iṣẹ́ náà, gbogbo ìwúwo wọn, gbogbo ariwo wọn. N kò tíì rí ìdí tí màá fi parọ́ nípa èyí.

A ra bátìrì méjì sí i. Ọ̀kan jẹ́ gidi, èkejì jẹ́ olówó pọ́ọ́kú; ti olówó pọ́ọ́kú wú bí àkàrà láàárín oṣù mẹ́ta, a sì sáré yọ ọ́ kó tó há sínú. Ohun tí Z50 fi gba ọ̀rọ̀ iná mọ́ wa lọ́wọ́ ni pé ó ń gba iná láti ara páwà báńkì, ìwọ̀nba kí ẹ ti pa á. D7000 kò lè ṣe ìyẹn, ṣájà inú ògiri ni dandan. Nílùú tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

A lọ sí Òwú ní oṣù kẹwàá, nígbà tí omi ṣì kún. Àlájì fẹ́ràn kí omi náà rí bí òwú gidi nínú fọ́tò, èyí tó ń fẹ́ kí ṣọ́tà ṣí pẹ́, tó sì ń fẹ́ fíltà dúdú lẹ́nu lẹ́ǹsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù. Fíltà wọn jẹ́ mìlímítà 67, ẹnu 18-105 nìyẹn. Ẹnu 16-50 jẹ́ 46. A ti gun àpáta débẹ̀ kí a tó mọ̀! Òrùka kékeré kan wà tó ń so 46 pọ̀ mọ́ 67, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí lápò wa. Orí ló yọ wá pé Àlájì kó 18-105 dání. AF-S ni, nítorí náà ó bá FTZ ṣiṣẹ́ láìjiyàn. Wọ́n ya fọ́tò wọn. Mo wá ro ó lójú ọ̀nà: Z50 pẹ̀lú FTZ pẹ̀lú 18-105, gíráàmù 1,005. D7000 pẹ̀lú 18-105, 1,200. Nǹkan 195 péré la jèrè lọ́jọ́ yẹn lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Lẹ́ǹsì àtijọ́ ń fa kámẹ́rà tuntun padà sí ibi tó ti ń sá bọ̀.

Nílé la ti rí àwọn àmì dúdú. Méje ni mo kà, gbogbo wọn lójú sánmà, ibì kan náà nínú gbogbo fọ́tò. Àlájì rò pé ẹyẹ ni. Eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni, mo sì mọ ibi tó ti wá: ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní Òkèlélé, Àlájì ti yọ lẹ́ǹsì láti fi 50mm sí i nígbà tí àwọn ìyá ń sun ìkòkò lórí ilẹ̀ gbalasa, tí eérú ń fò káàkiri bí labalábá. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́ láìséwu. Àmọ́ nínú D7000, dígí àti ṣọ́tà tó pa dé ló dúró níwájú sẹ́ńsọ̀ bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì, kámẹ́rà náà sì ń gbọn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ láti ju eruku nù. Z50 kò ní dígí, ṣọ́tà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ẹ bá pa á, kò sì ní agbọneruku. Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì, ihòòhò ni sẹ́ńsọ̀ wà. Ìwọ̀nyí wà nínú ohun tí àwọn tó ń ta á kì í sọ, àwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku bò fún oṣù mẹ́ta lọ́dún ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Rọ́bà afẹ́fẹ́ lé márùn-ún lọ. Méjì tó kù, mo fi igi onírun àti oògùn ìnusẹ́ńsọ̀ nù ú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà, Àlájì kì í yọ lẹ́ǹsì níta mọ́. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé dígí rẹ̀ sókè ni, wọ́n á da ẹnu kámẹ́rà délẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, wálímọ̀ tún dé, ti ọmọ-ọmọ Àlájì fúnra wọn. Mo ti fi kámẹ́rà sí ìdákẹ́jẹ́ kí a tó kúrò nílé, níbi tí ṣọ́tà irin kì í ti í gbéra rárá, tí sẹ́ńsọ̀ ń ka àwòrán fúnra rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Fọ́tò àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ọ̀já dúdú àti funfun láti òkè dé ilẹ̀, bí aṣọ òfì. Gílóòbù ilé náà ni. Iná wa ń mú irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kò rí i, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan rí i. Mo rọra sún mọ́ Àlájì, mo dín ìyára ṣọ́tà kù sí ìdá kan nínú 100, ọ̀já náà sì parẹ́. Ọwọ́ ọmọ tó bá ń gbéra á ṣe bàìbàì díẹ̀. Àlájì ní kò burú, ọwọ́ ọmọ tó ń yọ̀ ni.

Ọmọ náà kéwú tán láìdúró. Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, Àáfà wá jókòó tì wá. Àáfà kan náà ni.

"Àlájì, ṣé kò sí fọ́tò lónìí ni? Mo rò pé ẹ ó yà wá."

Fọ́tò 240 ló wà nínú mẹ́mọ́rì náà. Àlájì gbé kámẹ́rà sí ojú Àáfà kí wọ́n fi wo inú ihò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí: Z50 pẹ̀lú 16-50 ló ń bá Àlájì jáde lójoojúmọ́, 50mm wà lára FTZ fún Òkèlélé, wọn kì í sì í yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Wọn kò ní í ta D7000 àti 70-300. Iye tí àwọn tó fẹ́ rà á dá lé e kò tó owó bátìrì mẹ́ta, Dùrbárì sì ń bọ̀. Lẹ́ǹsì 50-250 ló wà nínú páálí, tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Lánàá ni Àlájì pè mí. Wọ́n ti rí lẹ́ǹsì Z 40mm f/2 tòkunbọ̀ kan lórí fóònù, gíráàmù 170 péré, kò fẹ́ òrùka kankan, ó sì ń yí ara rẹ̀. Mo ní ó dáa, mo ní ó jọ ohun tó lè rọ́pò 50mm náà, bí wọ́n bá lè sún mọ́ àwọn ìyá yẹn díẹ̀ sí i. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fa fọ́tò lẹ́ǹsì náà tóbi.

"Àbúrò, mo ti ka gbogbo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ fúnra mi. Ó yá, ìwọ náà ka tìrẹ sí mi létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan."